Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

Ẹni tó bá sọ pé fóònù ò lè gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn, kó wá wo tábìlì ilé Bàbá Akunlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, ẹyin díndín wà níbẹ̀, tíì ti ń tutù nínú kọ́ọ̀bù mẹ́rin, àga kan sì ṣófo. Ọmọ tó ni àga náà wà nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì ti sọ láti inú lọ́hùn-ún pé òun ò jẹun, òun ò wẹ̀, òun ò sì lọ síbì kankan.

Ibi tó ní òun ò lọ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìdánwò ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò oníwèé lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ogójì péré ni wọ́n mú nínú wọn, ọmọ yìí ló sì ṣe ipò kẹta. Ẹni tí kò bá fojú hàn lónìí, wọ́n á fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀. Kò sí pé mo ṣàìsàn, kò sí pé mo gbàgbé.

Ọ̀gá Kékeré lorúkọ tí àwọn awakọ̀ sọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń bá ìyá rẹ̀ lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí onímọ́tò bá ti dúró báyìí, á máa pàṣẹ fún un bí ẹni pé òun ló ra mọ́tò fún un: "Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ má fara ti mọ́tò." Àwọn ọkùnrin tó tó bàbá rẹ̀ í bí á sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyá rẹ̀, Ìyá Onítáyà, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi lu ẹnikẹ́ni, ó kàn gbàgbé láti gbé e sílẹ̀ ni.

"Ṣé o ò ní ṣílẹ̀kùn yìí ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ta ló nà ẹ́? Ta ló bú ẹ? Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ tí etí wa ò fi gbọdọ̀ gbọ́ ọ?"

Kọ́kọ́rọ́ tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ilẹ̀kùn.

Bàbá Akunlé jókòó sídìí tíì rẹ̀. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń kun ilé onílé, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ ọ pé bí èèyàn bá ní sùúrù díẹ̀, ọ̀dà á gbẹ fúnra rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tó bínú sọ́rẹ̀ẹ́ ni, ó sì bu búrẹ́dì sẹ́nu. Ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà, jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, ó ń rẹ búrẹ́dì tirẹ̀ sínú tíì nítorí eyín.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí aránṣọ tó wà ní ilé kejì fi wọlé, téèpù ìwọnṣọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní òun wá yá àbẹ́là, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti mọ́, iná sì wà.

"Ìyá Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọmọ mi ló fi hàn mí láàárọ̀. Ó dùn mí gan-an."

"Ìrọ́jú kí ni?"

"Háà. Ẹ ò tíì gbọ́ ni? Wọ́n ti fi Ọ̀gá Kékeré ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. Gbogbo ọmọ kíláàsì wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tèmi náà ò rẹ́rìn-ín o, mo bi í léèrè dáadáa."

Kò sẹ́ni tó bi í bóyá tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Onítáyà kàn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, obìnrin náà sì rántí pé òun gbé irin ìlọṣọ kaná. Ó jáde, ó gbàgbé àbẹ́là.

Bó ṣe jáde ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọ̀gá Kékeré ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, aṣọ àná ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé fóònù lé orí tábìlì, sáàárín búrẹ́dì àti ẹyin.

"Ó dáa náà. Ṣebí gbogbo àdúgbò ti rí i. Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó."

Fọ́tò kan ni. Lánàá, nígbà tí èsì ìdánwò oníwèé jáde, ọmọ náà dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àwọn táyà tí wọ́n tò léra, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ya ara rẹ̀. Gbogbo fọ́tò tó ti ń fi síta tẹ́lẹ̀, á kọ́kọ́ gé táyà kúrò níbẹ̀, á gé e títí tó fi máa ku ojú nìkan. Èyí nìkan ni kò gé.

"Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa," Ọ̀gá Kékeré sọ. "Mọ́tò olówó ló máa ń lọ dúró tì níbi tí wọ́n ń páàkì sí, á ya fọ́tò, á ṣe bíi pé tiwọn ni. Wọ́n á ní ọmọ ọlọ́lá. Èmi dúró ti táyà tó jẹ́ tiwa. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí mi lábẹ́. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ kọ ọ́, kí àwọn yòókù tó gbè é." Ó fi ìka tọ́ ọ, ó sì kà á síta: "'Ọmọ ìyà ni ẹ́. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.'"

"Ọmọ kí ni?" Ìyá Onítáyà ní.

"Ìyà, Màámi. Ọmọ ìyà."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ Òwúrọ̀ ló pe ara ẹ̀."

Tíì pá Bàbá Akunlé lórí. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà nawọ́ kọjá tábìlì, ó gbá a lẹ́yìn, kò sì tètè gbé ọwọ́ kúrò.

Nítorí Ẹyẹ Òwúrọ̀, òun ni. Ọmọ náà ti mú kí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣèlérí pé òbí kankan ò ní yọjú sí ojú ewé òun, bàbá náà sì ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ọkàn bàbá kì í gbà. Ó dọ́gbọ́n, ó ya fọ́tò ẹyẹ kan lára kàlẹ́ńdà àwọn tó ń ta ọ̀dà, ó fi ṣe ojú ara rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ń yọjú wò bí ẹni ń gba ojú fèrèsé wo ọmọ tó sùn. Kò kọ nǹkan kan rí. Àná ló kọ́kọ́ kọ, nítorí fọ́tò yẹn mú orí rẹ̀ wú ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó rí ọmọ tó jẹ́ kí táyà hàn, ó rí bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé rọ́bà gẹ́lẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó sì fi ìka kan tẹ ohun tó máa ń sọ nínú ilé nígbàkígbà tí ọmọ náà bá ṣe bí ìyá rẹ̀. Ọmọ ìyá ni ẹ́. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fóònù rẹ̀ ò ní àmì ohùn, kò sì rò pé ó nílò rẹ̀. Ẹyọ àmì kan péré ni, òun ló sì mú oúnjẹ tutù sórí tábìlì yìí.

Ìyá Onítáyà ti ń rìn káàkiri pálọ̀ pẹ̀lú sípánà rẹ̀.

"Ẹyẹ Òwúrọ̀ àbí ẹyẹ igún! Ọmọ tó ṣe ipò kẹta ló ń pè lọ́mọ ìyà! Táyà ẹ̀ á máa jò, òrùlé ẹ̀ á máa jò, ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyàwó ẹ̀ bá gbé kaná á máa jò!"

"Ìyàwó mi," Ìyá Àgbà sọ jẹ́jẹ́, "rọra ṣépè. O ò mọ ibi tó máa bà sí."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó bà! Ibi tó bá bà sí ló yẹ ẹ́!"

Ìyá Àgbà wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó wò ó díẹ̀, ó tún wo kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀, ó wá padà sídìí búrẹ́dì tó ń rẹ.

"Ẹ wo iye tó rẹ́rìn-ín sí i," ọmọ náà ní. "Mọ́kànlélógún. Méjì nínú wọn ń bọ̀ níbi ìdánwò. Kí n máa tú nọ́ọ̀tì níwájú wọn, kí wọ́n máa pè mí lọ́mọ ìyà? Mi ò lọ. Mo ti ronú ẹ̀."

"O ò ní lọ kẹ̀? Nítorí ọ̀rọ̀ inú fóònù?" Ìyá Onítáyà yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ra nǹkan yìí fún un! Mo ní kẹ́ ẹ má rà á. Ẹ ní gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ní in. Ẹ wá sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ dákẹ́ bí ẹni tó jalè!"

Bàbá Akunlé dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ fọ búrọ́ṣì lẹ́yìnkùlé.

Inú a máa bíni, ká sọ òtítọ́. Àwọn ọmọ tí a bí, tí a wẹ̀, tí a gbé pọ̀n, kí wọ́n tó fọ ẹnu láàárọ̀, wọ́n á ti wo fóònù bóyá ayé ṣì gba tiwọn. Bí ẹni méjìlá bá yìn wọ́n, wọ́n á jẹun. Bí ẹnì kan bá bú wọn, ẹni méjìlá ọ̀hún ti di asán nìyẹn, ìyá tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà ti di asán. Ta ló gbé òṣùwọ̀n yìí lé wọn lọ́wọ́? Àwa tí a rà á fún wọn náà ni, a sì sanwó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Lẹ́yìnkùlé, láàárín àwọn agolo ọ̀dà, Bàbá Akunlé dúró pẹ̀lú búrọ́ṣì tó mọ́ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ kan. Bó bá jẹ́wọ́, ọmọ náà á mọ̀ pé òun ti ń ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ òun ti ṣèlérí. Èpè ìyàwó rẹ̀ náà ṣì ń dún lọ́wọ́. Bí kò bá sì jẹ́wọ́, aago mẹ́wàá ti kọjá. Ó wá rí ọgbọ́n kan dá. Kí Ẹyẹ Òwúrọ̀ fúnra rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí gbogbo wọn rí i, kó tán. Ó yọ fóònù, ó fún ojú pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ ọn, ó sì fi ránṣẹ́.

Ohun tó kọ nìyí: "E ma binu. Omo iya ni mo ni, mi o so pe omo iya."

Kò tíì fi fóònù sápò tí igbe fi sọ nínú ilé.

"Ó tún ti kọ òmíràn! Màámi, ẹ wá wò ó! Ó ní ọmọ ìyà lòun ní, òun ò sọ pé ọmọ ìyà! Ó ń fi mí ṣeré! Wọ́n ti di ogójì tó ń rẹ́rìn-ín!"

Bàbá Akunlé tún fóònù wò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró síbẹ̀ bákan náà bí ìbejì, kò sí ẹni tó lè sọ èwo ni Táíwò. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tètè gbé Ẹyẹ Òwúrọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún sì fẹ́ gbà á.

Nígbà tó gbójú sókè, Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti igi ilẹ̀kùn.

"Láti kékeré," arúgbó náà ní, "bó o bá ti ṣe nǹkan, tíì á pá ẹ lórí."

"Mò ń tún un ṣe, Màámi."

"Mo gbọ́ bó o ṣe tún un ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Kò sí nínú ìyẹn. Wọlé."

Ó wọlé. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó tètè tán.

"Èmi ni Ẹyẹ Òwúrọ̀."

Sípánà dúró lókè.

"Ọmọ ìyá ni mo kọ," ó ní. "Ìyá. Ìyá tó bí ẹ. Kì í ṣe ìyà. Bí mo ṣe máa ń pè ẹ́ nínú ilé yìí náà ni. Fóònù ni ò jẹ́ kó hàn."

"Ẹ̀yin?" Ìyá Onítáyà ní. "Ṣé òrùlé tiwa ni mo wá ń ṣépè fún látàárọ̀? Ìkòkò ọbẹ̀ tèmi?"

"Mo sọ fún ẹ," Ìyá Àgbà ní. Ó jókòó padà. "Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèpè, tìwé, bákan náà ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Onítáyà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Kékeré ò rẹ́rìn-ín, ó ń wo bàbá rẹ̀.

"Ẹ ṣèlérí fún mi, Bàámi."

"Mo ṣèlérí. Mo sì yẹ̀ ẹ́. Má bínú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́?"

Ó rò ó. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀ ni mo wí, ṣùgbọ́n ó sọ eléyìí láì kólòlò.

"O jẹ́ kí táyà hàn. Ọjọ́ gbogbo lò ń gé ìyá ẹ kúrò nínú fọ́tò, mo ń rí i, mi ò sọ. Lánàá o ò gé e. Orí mi wú. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìyá yìí ló bí ẹ."

Ìyá Onítáyà gbé sípánà sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ òun ń gé òun kúrò nínú fọ́tò. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ ìyá, Bàámi, mo ti gbọ́," Ọ̀gá Kékeré sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n àwọn ogójì yẹn ńkọ́? Wọn ò ṣì í kà. Bó ṣe wù wọ́n kó rí ni wọ́n kà á. Èmi náà sì kà á bẹ́ẹ̀. Mo rí 'iya', ìyà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, kò sì sí ọ̀dà tí a lè fi kùn ún.

Ìyá Onítáyà ló dáhùn.

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn ọkùnrin tí táyà wọn ò jò máa ń yà sọ́dọ̀ mi kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń lẹ táyà! Mi ò lè dá ẹnu wọn dúró. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó di oníbàárà mi. Mi ò sọ pé kò dùn mí. Ó dùn mí." Ó fi ìdí aṣọ nu ọwọ́. "Mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Bó o bá ń lọ, omi wà ní balùwẹ̀. Bó ò bá lọ, wá bá mi níta, táyà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Èyí tó o bá ṣe nínú méjèèjì, ọmọ mi ni ẹ́."

Ó mú sípánà rẹ̀, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ níta tó ń bá awakọ̀ kan wí pé ó fara ti mọ́tò.

Aago ń lọ. Ìyá Àgbà ti àwo ẹyin sí ọ̀kánkán àga tó ṣófo. Ọ̀gá Kékeré wo aago. Ó mú búrẹ́dì kan, ó pọ́n ẹyin mọ́ ọn, ó jẹ ẹ́ lóòró bí ẹni tó ń bá a jà, ó sì wọ balùwẹ̀. Bàbá Akunlé gbọ́ tí omi ń dà, ó sì wá jókòó.

Aago méjìlá ààbọ̀ ni bàbá àti ọmọ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Bàbá Akunlé ti pààrọ̀ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n bàtà kan ṣoṣo ló ní, ọ̀dà oríṣi mẹ́fà ló sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí géètì ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó dúró lábẹ́ igi kan.

"Máa lọ. Màá dúró síbí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn."

Ọmọ náà wo bàtà, ó wo bàbá. Ó mọ ohun tó ń sá fún.

"Ẹ máa bọ̀, Bàámi. A ti pẹ́."

Wọ́n tò sórí ìlà. Obìnrin akọ̀wé kan jókòó sídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ń gba orúkọ. Lẹ́yìn wọn gan-an ni àwọn méjì tó jẹ́ ọmọ kíláàsì Ọ̀gá Kékeré wá dúró sí, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan. Ọmọbìnrin náà mú fóònù lọ́wọ́. Wọ́n kí Bàbá Akunlé dáadáa, wọ́n wá ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn.

"Iṣẹ́ òbí?" akọ̀wé bèèrè, kò gbójú sókè.

Bàbá Akunlé ti ya ẹnu. Ó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé oníṣòwò ni àwọn, ọ̀rọ̀ tó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọmọ náà yára jù ú lọ.

"Ìyá mi ń lẹ táyà. Bàbá mi ń kun ilé. Àwọn nìyí." Ẹ̀rín kékeré kan dún lẹ́yìn. Kò wẹ̀yìn.

Akọ̀wé gbójú sókè wàyí. Ó wo ojú ọmọ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ọwọ́ ẹ dúdú. Ẹ̀rọ omi wà lọ́hùn-ún, lọ fọ̀ ọ́ kó o tó wọlé."

"Mo ti fọ̀ ọ́, mà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Obìnrin náà wò ó síwájú sí i. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ya nọ́ńbà kan fún un, ó sì na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n gbà ń wọlé.

"Wọlé. Mọ́tò wà níbẹ̀ tó ń dúró dè yín."

Ọ̀gá Kékeré gba nọ́ńbà. Ó wọlé, apá rẹ̀ ń jù, kò bojú wẹ̀yìn wo ẹnikẹ́ni, títí kan bàbá rẹ̀.

Bàbá Akunlé dúró lẹ́nu géètì títí kò fi rí ẹ̀yìn ọmọ náà mọ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń já èékánná jẹ. Bàbá Akunlé yíjú sí i.

"Ọmọ mi nìyẹn," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ò bi í ní nǹkan kan.